Ẹrẹ̀ Inú Àpótí Oní-kọ́kọ́rọ́ Mẹ́rin

Madame Achta, aṣojú Chad, kò tíì fọwọ́ kan ẹrẹ̀ náà tán tí ojú rẹ̀ fi yí padà. Ó fi ìka méjì fún un pọ̀, ó gbé e sí imú, ó sì dá a padà sórí tábìlì bí ẹni tó bá irun nínú ọbẹ̀.

"Wannan ba na tafki ba ne," ló wí ní Hausa, kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Ẹrẹ̀ adágún kọ́ nìyí. Firki ni. Ilẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ń gbin ọkà bàbà lẹ kó sínú páìpù fún wa."

Inú gbọ̀ngàn ilé àlejò Hajiya Falmata ní Yerwa, ní ìlú Maiduguri, ni wọ́n wà. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló jókòó yí tábìlì náà ká: Chad, Niger, Kamẹrúùnù àti Nàìjíríà, àwọn tí Adágún Chad wà láàárín wọn. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n lè gbé ohùn kan lọ sí ìpàdé àgbáyé lórí àyípadà ojú-ọjọ́. Wọ́n fẹ́ sọ fún àwọn ìlú olówó pé, èéfín yín wà lára ohun tó ń gbẹ adágún wa, ẹ wá bá wa tún un ṣe. Ẹ̀rí wọn ni ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún, tí Dókítà Ọládùnní ti yunifásítì fi páìpù gígùn fà jáde. Irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń tò lé ara wọn ní ọdọọdún, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n wò yóò rí ọdún òjò, yóò rí ọdún ọ̀dá.

Àmọ́ aládùúgbò kì í fọkàn tán aládùúgbò bọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gé ẹrẹ̀ náà sí mẹ́rin lójú gbogbo wọn, kí kálukú fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sílé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tí wọn yóò gé e, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí irin kan pẹ̀lú àgádágodo mẹ́rin, orílẹ̀-èdè kan, kọ́kọ́rọ́ kan. Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n tì í. Nígbà tí wọ́n ṣí i láàárọ̀, àgádágodo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, ẹrẹ̀ adágún ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Umaru, ará Kamẹrúùnù, ti ń palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́. "Ìrọ̀lẹ́ yìí ni bàálù wa ń gbéra lọ sí ìpàdé," ló wí. "Bí ẹni tó fa ẹrẹ̀ yìí bá lè purọ́ fún wa nínú ilé, kí la fẹ́ lọ wí níta? Kí kálukú máa lọ sọ tẹnu ara rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Ọládùnní. Ó dìde. Ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábọ̀dé, olórí ikọ̀ Nàìjíríà, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ-ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀.

* * *

Ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá kò ga, kò sanra, kò sì kánjú. Ìnsípẹ́kítọ̀ Suliat lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó tí wọ́n bí sí Hausari, àdúgbò kan ní Maiduguri, tó ti ń fi Hausa ra kósé, ìyẹn àkàrà, kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Yorùbá. Àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ní yajì, ata sùyà, wà nínú Yorùbá rẹ̀. Òun náà á ní yajì yẹn ló jẹ́ kó dùn.

Ó yí àpótí náà po. Ó wo ìdí rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi èékánná họ ibi tí wọ́n ti so ìdérí mọ́ ọn. Kò sí ibi tí irin ti ha á.

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àgádágodo sílẹ̀," ló wí.

"Kí ló dé?" Umaru bi í. "Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà."

"Ibẹ̀ kọ́, sà. Kí àpótí yìí tó lè ṣí láìfọ́, àfi kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìtẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìgbà wo lẹ ráyè fẹnu kò láti jalè?"

Madame Achta bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Firki ni ẹ tì mọ́ inú àpótí lánàá," Suliat ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Wọ́n ti pààrọ̀ ẹrẹ̀ yẹn kó tó wọ ilé yìí."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ńṣe ló tún fún okùn mọ́ Ọládùnní lọ́rùn. Bó bá jẹ́ pé kó tó dé Yerwa ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ọwọ́ ta ló wà bí kò ṣe ọwọ́ rẹ̀?

Suliat pè é wọ yàrá kékeré kan, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló fọwọ́ kan páìpù yẹn láti ìgbà tí ẹ ti gbé e kúrò lórí omi?"

"Èmi, àti Bíyì tó wa ọkọ̀. Olùkọ́ ni Bíyì ní ẹ̀ka wa."

"Ẹ̀yin méjì péré?"

"Àwa méjì péré."

"Níbo lẹ tọ́jú rẹ̀ sí?"

"Inú firisà, ní kọ́tà àwọn olùkọ́. Sólà ẹ̀ka wa ti bàjẹ́, bí ẹrẹ̀ yẹn bá sì gba ooru, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn." Ọládùnní fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ìnsípẹ́kítọ̀, sójà ló sìn wá dé orí adágún. Orí itan mi ni páìpù yẹn wà nínú ọkọ̀ ojú omi láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, mo gbé e bí ọmọ tuntun. Omíyalé kó ilé tí mò ń gbé ní Gamboru lọ, wọ́n ní kí n padà sí Ìbàdàn, mi ò lọ, torí ẹrẹ̀ yẹn ni. Bí orúkọ mi bá jáde pé mo ṣe ayédèrú ẹ̀rí, kò sí ẹni tó tún máa gbọ́ ohùn mi mọ́. Wọn ò sì ní gbọ́ ti adágún náà mọ́."

Suliat kò tù ú nínú. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ní kó gbọ́ tẹkún.

* * *

Ọkọ̀ Bíyì wà lábẹ́ igi dongóyárò níwájú ilé. Suliat ní kó ṣí búùtù. Bíyì ṣí i. Òkìtì ilẹ̀ dúdú wà nínú rẹ̀, ó ti gbẹ, ó le bí òkúta.

Umaru, tó ti tẹ̀lé wọn jáde, pàtẹ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ parí! Olè nìyí."

"Ẹ ní sùúrù, sà. Bíyì, kí lẹ̀ ń fi firki ṣe?"

Ojú ti Bíyì. "Mo fi ń mọ ilé adìyẹ ni, mà."

"Firki? Haba! Ta ló ní kí ẹ fi firki mọ ilé?"

"Ó dúdú, ó ń lẹ̀, mo rò pé ó dáa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi amọ̀ mọlé lọ́dọ̀ wa."

"Ní Ìjẹ̀bú nìyẹn. Níbí, bó bá tutù, á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ yín. Bó bá gbẹ, á sán bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀."

"Ó ti sán, mà. Adìyẹ mẹ́ta ti gba ojú ibẹ̀ sá lọ."

Suliat rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Umaru. "Ẹ wo ẹrẹ̀ inú páìpù yẹn dáadáa, sà. Ẹni tó ki firki síbẹ̀ ti rẹ ẹ́ sómi, ó pò ó títí ó fi kúnná, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ kò ráyè níbẹ̀. Ẹni náà mọ firki bí ẹní mowó. Ẹni tí adìyẹ ń gba ojú ògiri rẹ̀ sá lọ kọ́ nìyẹn."

Umaru yí padà wọlé. Suliat ti ti búùtù náà pa kó tó tún béèrè, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí:

"Bíyì, níbo lẹ ti rí i?"

"Ẹ̀yìnkùlé Bàbá wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí onílọ́rì já a síbẹ̀ kí àwọn fi gbin òdòdó. Wọ́n ní kí n wá kó ìyókù."

Suliat mi orí. Ó rò ó pé ẹni tó bá ti pẹ́ ní Maiduguri bíi ti Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀ pé bí firki bá ń sán, ó ń já gbòǹgbò òdòdó. Ṣùgbọ́n òkìtì ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé èèyàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì rí ìdí kankan tí olórí ikọ̀ Nàìjíríà yóò fi jí ẹ̀rí Nàìjíríà. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

* * *

Ẹ̀yìn ilé ni Suliat ti bá Hajiya Falmata, tó ń jó túràrẹ̀ sábẹ́ aṣọ ìtẹ́lé àlejò, kí òórùn dídùn rẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Ó ju ìjókòó kékeré kan sí Suliat, ó ní kó jókòó, kó sinmi.

"Ku Yarabawa," ló wí, "ọ̀rọ̀ ẹ̀yin Yorùbá ń yà mí lẹ́nu."

"Kí la tún ṣe, Hajiya?"

"Ọmọbìnrin yẹn, Dókítà. Ní gbogbo ìgbà tó bá rí bàbá yẹn ló ń kúnlẹ̀. Nínú iyanrìn! Mo ń pe àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n wá wo ẹ̀kọ́ ilé. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ẹrù yẹn dé lánàá. Bàbá arúgbó ló gbé e, òógùn ń ro tótó lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń tẹ̀lé e lọ́wọ́ òfo! Láàárọ̀ yìí náà, bàbá yẹn ló tún gbé e jáde nínú àpótí. Ṣé orúnkún nìkan lẹ fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni?"

Suliat ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín náà dúró.

Ó rántí bàbá rẹ̀ ní Hausari. Kò sí ọjọ́ tí bàbá náà ti ọjà dé tó gbé àpò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i lókèèrè á ti sáré pàdé rẹ̀, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, sà. Ọmọ tó wọ funfun á gbé e. Ọmọ tó ń kánjú á gbé e. Òun fúnra rẹ̀, tí Yorùbá rẹ̀ ní yajì nínú, kò lè fọwọ́ lẹ́rán kí àgbà máa gbẹ́rù kọjá lójú rẹ̀. Bí ọmọ Yorùbá méjì bá wá ń rìn lọ́wọ́ òfo lẹ́yìn àgbà tó ru ẹrù, a jẹ́ pé àgbà náà ló kọ̀. Kí ni yóò mú àgbà kọ̀?

Ó dìde láìdágbére. Ọládùnní ṣì wà nínú yàrá kékeré náà.

"Lánàá, kí ló dé tí ẹ kò bá Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé páìpù yẹn?"

"Mo bẹ̀ wọ́n títí!" Ọ̀rọ̀ náà dun Ọládùnní bí ẹni tí wọ́n pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. "Bíyì náà bẹ̀ wọ́n. Ńṣe ni wọ́n jágbe mọ́ wa. Wọ́n ní iyì orílẹ̀-èdè ni, olórí ikọ̀ ló yẹ kó gbé e."

"Ìgbà wo lẹ fọwọ́ ara yín gbé e gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ tí mo gbé e sí firisà."

"Firisà ta ni?"

"Ti Bàbá."

Suliat wò ó. "Mo bi yín pé ta ló fọwọ́ kàn án. Ẹ ní ẹ̀yin méjì péré."

"Ìnsípẹ́kítọ̀, Bàbá mà nìyẹn! Ta ló ń ka Bàbá mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa. Bí wọ́n bá di yín lójú, tí wọ́n gbé páìpù firki lé yín lọ́wọ́ kan, wọ́n gbé ti adágún lé èkejì, ẹ ó dá wọn mọ̀ yàtọ̀?"

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti adágún fúyẹ́, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Firki wúwo jù ú lọ dáadáa. Mo gbé e lórí itan mi láti òwúrọ̀, kò sí bí mi ò ṣe ní..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó, ó bo ẹnu rẹ̀. Suliat mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde.

* * *

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti padà sí ilé rẹ̀ ní kọ́tà láti múra ìrìn-àjò. Ó kí Suliat káàbọ̀ tẹ̀rín-tọ̀yàyà, ó fa àga fún un, ó bu omi fún un láti inú jọ́ọ̀gì kan lórí tábìlì. Oṣù kẹrin ni, ooru Maiduguri sì ti le débi pé ajá kò jáde. Omi inú ife náà lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣé kò sí omi tútù?"

"Firisà kò ṣiṣẹ́, ọmọ mi. Má bínú."

Suliat tẹ́tí. Láti inú kíṣínì, wọ́n ń gbọ́ firisà tó ń kùn.

Suliat gbé ife kalẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin ni gbogbo yunifásítì fi ń ṣe àpèjúwe ọmọlúàbí. Lánàá, ẹ gbé ẹrù lójú ọmọ yín. Lónìí, ẹ fún àlejò ní omi gbígbóná nígbà tí tútù wà nílé. Èèyàn bíi tiyín kì í ṣàdédé ya aláìmọ̀wàáhù nínú ọjọ́ méjì. Ẹ kò fẹ́ kí Ọládùnní gbé páìpù yẹn, torí ó mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ kò fẹ́ ṣí firisà lójú mi, torí ẹrẹ̀ adágún wà níbẹ̀. Ẹ lè fi í pamọ́, àmọ́ ẹ kò lè dà á nù. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń sin adágún yẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò jiyàn. Ó jókòó, ó sì rí bí ẹni tí ara tù díẹ̀.

"Páìpù méjì la fà," ló wí. "Mo sọ fún Ọládùnní pé ọ̀kan fọ́ nínú firisà mi. Kò fọ́. Èmi nìkan ni mo là á. Iyanrìn wà nínú rẹ̀ níbi mẹ́ta, Ìnsípẹ́kítọ̀. Adágún yẹn ti gbẹ rí, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn olówó yóò wí? Wọ́n á ní ó máa ń gbẹ fúnra rẹ̀, kò kàn wá. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń lọ bẹ̀ wọ́n láti ìpàdé dé ìpàdé. Mo rò pé kí àwọn mẹ́ta yòókù tó yẹ ẹrẹ̀ yẹn wò nílé wọn, ìpàdé tọdún yìí á ti parí, wọ́n á ti gbà fún wa. Ta ló mọ̀ pé ìka obìnrin Chad yẹn á dá firki mọ̀?"

"Gbogbo ìyẹn yé mi, sà. Èyí tí kò yé mi ni ti àárọ̀ yìí. Wọ́n ń pe ọmọ yín ní òpùrọ́, ẹ̀yin ń wo ilẹ̀. Bàbá mi kọ́ mi pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde, ó lọ sí kíṣínì. Suliat gbọ́ nígbà tó ṣí firisà.

* * *

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n padà dé Yerwa. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kò dín in, kò fi kún un. Madame Achta fi ìka kan ẹrẹ̀ tí wọ́n gbé dé láti inú firisà, ó ní ti adágún nìyí. Ọládùnní fi okùn wáyà là á ní gígùn. Iyanrìn náà wà níbẹ̀, níbi mẹ́ta, ó funfun láàárín dúdú, afọ́jú nìkan ni kò ní rí i.

Umaru kò tíì jókòó. "Ó ti gbẹ rí láìsí èéfín kankan. Kí la fẹ́ sọ fún wọn?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n di ojú. Ohun tó ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

"Ohun tí ẹ rí ni ká sọ," Ọládùnní dá a lóhùn. Ó nàka sí iyanrìn náà. "Mi ò ní fi pamọ́ fún yín, a ò sì ní fi pamọ́ fún wọn. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ wa, àwa náà á bi wọ́n. Madame Achta, nígbà tí omi bá sá láyé àtijọ́, kí làwọn èèyàn yín ń ṣe?"

"Wọ́n ń tẹ̀lé e," Madame Achta ní. "Ìyá ìyá mi di ẹrù, ó da ẹran síwájú, ó tẹ̀lé omi. Ibi tí omi bá dúró ni ilé wa."

"Lónìí ńkọ́?"

"Lónìí?" Ó rẹ́rìn-ín, kò sí ayọ̀ nínú rẹ̀. "Kí n tó rìn dé ibi tí omi sá lọ, sójà orílẹ̀-èdè mìíràn á ti ní ìwé mi dà."

"Ohun tó yàtọ̀ nìyẹn," Ọládùnní wí. "Adágún ti gbẹ rí, èèyàn sì yè é, torí ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Àwa ti fi ibodè mẹ́rin dí ọ̀nà, ayé sì tún ń dá ooru kún un. Kò sí ẹni tó lè dá ọ̀rọ̀ yìí sọ láàárín wa. Bí a bá lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibodè la gbé lọ fún wọn."

Umaru tún wo iyanrìn náà. Ó fa àga rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ìwé rẹ̀ padà sórí tábìlì.

"Ẹ gé e sí mẹ́rin," ló wí. "Bàálù mìíràn á gbéra lọ́la."

Suliat fi ojú sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ó ti tó àkókò. Àgọ́ ọlọ́pàá ń dúró, ọ̀rọ̀ tó kù, ibẹ̀ ni wọn yóò ti sọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ Nàìjíríà kalẹ̀ síwájú Ọládùnní, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpò rẹ̀ nílẹ̀.

Ọládùnní ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, sà."

Ọ̀rọ̀ àná náà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó sì jọ̀wọ́ àpò náà fún un.

Ọládùnní gbé e dé inú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò kúnlẹ̀. Ó yí padà sínú gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ti ń dúró dè é láti gbọ́ ohun tí Nàìjíríà fẹ́ wí.